French press: onírin ni àbí onídígí?

French press ni ohun èlò tí a fi ń po kọfí: wàá da omi gbígbóná lé kọfí nínú rẹ̀, wàá sì fi ọ̀pá tó ní asẹ́ tẹ gèrè rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Onídígí ni mo kọ́kọ́ rà. Ó dùn ún wò, wàá máa rí bí omi ṣe ń dúdú díẹ̀díẹ̀. Àfi lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, mo ń fọ̀ ọ́ nínú òkùnkùn, ló bá kọ lu ẹnu ẹ̀rọ omi, ó fọ́ yángá. Mo wá dígí rẹ̀ nìkan káàkiri Òṣogbo, n ò rí.

Onírin ni mo ń lò báyìí. Ó wọ́n jù ú lọ, ó sì wúwo, ṣùgbọ́n irin onípele méjì ni, ooru kì í tètè sá níbẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ife kejì ṣì máa ń gbóná. O ò kàn ní rí inú rẹ̀. Fóònù ni mo fi ń ṣọ́ ìṣẹ́jú 4 kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Bákan náà la ṣe ń lò wọ́n: kọfí tó rí hóró-hóró bíi gàrí, kó má kúnná bí èlùbọ́, nǹkan bíi gíráàmù 30 sí ìdajì lítà omi. Tẹ ọ̀pá rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ohun kan tó yẹ kó o ṣọ́ra fún lára onírin: torí pé ó ń gbóná, èèyàn á fi èyí tó kù sílẹ̀ níbẹ̀, á sì korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Dà á sínú fúláàsì.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Òkè-Fìà ṣì ní tòun ni onídígí. Kò tíì fọ́ tiẹ̀ ni.