Ẹ ṣọ́ra fún ínfátà “1500 wáàtì” tí wọ́n ń bá yín so mọ́ bátìrì ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ gbé kọ̀ǹpútà sínú ọkọ̀ láti fi jẹun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó náwó. Díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ mi jóná lọ́sẹ̀ tó kọjá, pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ mi nínú rẹ̀. Ẹni tó ta ohun tó fẹ́ jó wa yìí ṣì ń tajà bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ mi ní Ìbàdàn níbí. Mo yọ àga ẹ̀yìn Sienna mi, mo gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan, ojú rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà iléèwé la sì máa ń dúró sí. Kò sí iná NEPA lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì máa ń lé oníbàárà. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá ínfátà tí yóò máa sọ iná 12 fólítì bátìrì ọkọ̀ di 220.

Tẹ̀ríntẹ̀rín ni oníṣọ́ọ̀bù náà fi pàdé mi. “Mọ̀mí, èyí ni kí ẹ gbé. 1500 wáàtì ni, ẹ lè tan fíríìjì sí i pàápàá.” ₦65,000 ló pè é, mo ná an dé ₦52,000. Ohun tó wá mú mi lọ́kàn jù ni pé ó ní àwọn yóò bá mi so ó mọ́ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wáyà ọ̀fẹ́, iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ọmọ rẹ̀ kan kó wáyà pupa àti dúdú jáde, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi ṣe tán. Mo bi í pé fíúsì ńkọ́? Ó ní ó wà nínú ínfátà. Mo gbà á gbọ́.

Ọjọ́ kẹrin, a ń tẹ fọ́tò ọmọ kan lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà kú lójijì, òórùn rọ́bà tó ń jóná gba inú ọkọ̀ kan. Ọmọ iṣẹ́ mi fa ẹsẹ̀ sókè, ó ní, “Àǹtí, ilẹ̀ ń gbóná o!” Mo yí kọ́kọ́rọ́, mo pa ọkọ̀. Mo rò pé ó parí nìyẹn, àmọ́ ṣe ni èéfín ń pọ̀ sí i. Wáyà tí wọ́n so mọ́ bátìrì tààrà, kò sí ohun tó kan kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá ríwáyà kan tó wà lódìkejì títì ló sáré dé pẹ̀lú sípánà 10, tó tú orí dúdú bátìrì. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ilé bàbá yẹn ó dàrú.

Nígbà tí ara wa rọlẹ̀, ó fa wáyà náà jáde. Ibi tó ti gba inú irin tó pààlà ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀ kọjá, wọn kò fi rọ́bà kankan tẹ́ ẹ. Irin ti jẹ ara wáyà wọnú, inú rẹ̀ sì ti kan bọ́dì ọkọ̀. Orí dúdú bátìrì ni wọ́n so mọ́ gbogbo bọ́dì ọkọ̀, nítorí náà bí wáyà pupa bá kàn án, gbogbo agbára bátìrì ni yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpì. Fíúsì inú ínfátà kò lè gbani níbẹ̀, torí iná náà kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. “Ọmọ mi,” bàbá ní, “wáyà ni fíúsì ń ṣọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ.” Ẹ̀bá bátìrì ló yẹ kó wà, kó súnmọ́ orí pupa bó bá ti lè súnmọ́ ọn tó, kí gbogbo wáyà tó kù lè wà lábẹ́ ààbò rẹ̀.

Ó mú abẹ, ó ha wáyà náà lójú mi. Òde pọ́n bíi bàbà, inú funfun báláú. Álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà pa lára ni! Wáyà bẹ́ẹ̀ kò lè gbé iná tó bàbà gidi tó nípọn tó o. Bí iná ṣe ń rìn nínú rẹ̀ kò ju bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti bàbà lọ. Ẹ máa mú abẹ dání lọ sọ́jà, ẹ ha á kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá kọ̀ kí ẹ ha á, ẹ fi wáyà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Mo gbé ínfátà náà délé. Mo fi èékánná họ etí ìwé tí wọ́n kọ 1500W sí, ó ká sókè, ìwé mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀: 300W. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo tú u, fíúsì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, 30 áńpì. Ẹ wò ó, 30 lọ́nà 12, 360 ni. Ohun tí 360 wáàtì ń wọlé sínú rẹ̀ kò lè tú 1500 jáde láéláé. Ínfátà 1500 wáàtì tòótọ́ yóò fa ju 125 áńpì lọ bí ẹ bá lò ó kún, kò sì sí ọgbọ́n tí wáyà tín-ín-rín ọ̀fẹ́ yẹn fi lè gbé e. Nítorí náà, ẹ ka fíúsì rẹ̀ kí ẹ tó gbé e, ẹ ro gbogbo wọn pọ̀, kí ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Àwọn mìíràn máa ń gbé fíúsì síta lẹ́yìn, ẹ kò níí tú wọn rárá.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní bátìrì mi ló gbó. Rísíìtì tó fún mi, “ínfátà kan” ló kọ sí i, kò kọ wáàtì, kò kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 wà, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, sì ń gba ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n rísíìtì bẹ́ẹ̀ kò fún èèyàn ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró. Ẹ ní kó kọ ọ́ yékéyéké, kí ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀rọ náà níwájú rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé n kò tilẹ̀ nílò ínfátà fún kọ̀ǹpútà náà. Iná 19 fólítì ni kọ̀ǹpútà mi ń lò, kò ju 90 wáàtì lọ. Ṣáájà ọkọ̀ kan wà tó ń sọ 12 di 19 tààrà, òun ni mò ń lò báyìí: nǹkan bí áńpì mẹ́sàn-án ló ń fà, fíúsì 15 tirẹ̀ wà lẹ́bàá bátìrì, bàbá ríwáyà ló fi rọ́bà tẹ́ ojú ihò náà. Ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà ńlá, kó wá pawa (ohun tó ń pín iná fún inú kọ̀ǹpútà) irú M4-ATX, tó ń gba iná láti 6 dé 30 fólítì, nítorí bí ẹ bá ń ṣíná ọkọ̀, iná bátìrì lè já wálẹ̀ sísàlẹ̀ 10, bó bá sì ti ń ṣiṣẹ́, ó lè ju 14 lọ. Ẹ má sì so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà mọ́ iná bátìrì ọkọ̀ rárá, ohun tó ń gbóná nínú rẹ̀ ń jẹ iná púpọ̀.

N kò ní dárúkọ ọkùnrin náà. Wọ́n ní ó ti pààrọ̀ pátákó rí, orúkọ kò ní ràn yín lọ́wọ́. Ìṣe rẹ̀ ni kí ẹ fi dá a mọ̀: wáyà ọ̀fẹ́, ìwé tó lè ká sókè, “fíúsì wà nínú ẹ̀rọ”.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti bá so irú rẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ẹ lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lálẹ́ òní. Ẹ tọ wáyà pupa náà láti orí bátìrì títí wọ inú ọkọ̀. Bí ẹ kò bá rí fíúsì lẹ́bàá bátìrì, ẹ fi sípánà tú orí dúdú kí ẹ tó sùn.