Ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo fa FOV dé òpin

Ẹni tó ń pa mí nínú géèmù kì í sábà wá láti iwájú. Màá wọ inú ilé kan, màá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ gìrìgìrì, màá kọjú ìbọn sí àtẹ̀gùn. Kí n tó ṣẹ́jú, ẹnìkan ti da ọta bò mí láti ẹnu ọ̀nà apá òsì. Tí mo bá wo àtúnwò bí mo ṣe kú, màá rí i pé ẹni náà ò tiẹ̀ fara pamọ́. Ó kàn dúró gbangba ni. Fóònù mi ni kò fi í hàn mí. Bí ẹni tó ń wòran láti ihò kọ́kọ́rọ́ ni mo ṣe ń gbá géèmù, mi ò sì mọ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá FOV kiri nìyẹn. Ìyẹn ni bí ohun tí kámẹ́rà géèmù ń kó wọ ojú fóònù ṣe fẹ̀ tó, láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún. Dígírì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Èèyàn tí ojú rẹ̀ méjèèjì dára ń rí nǹkan bí 200 dígírì láì yí orí. PUBG Mobile ni mo ń gbá jù, ó sì ní ọ̀pá kan nínú sẹ́tíǹgì tí a lè fà síwájú sẹ́yìn: ní FPP, níbi tí a ti ń fi ojú jagunjagun náà gan-an wòran, ó bẹ̀rẹ̀ láti 80, ó parí sí 103. Ní TPP, níbi tí kámẹ́rà wà lẹ́yìn rẹ̀, kò kọjá 90. FPP lèmi ń gbá. Ọ̀pá yẹn ni mò ń gbé yẹ̀wò níbí. Àwọn ohun yòókù tí mo dán wò, ìwọra ló gbé mi débẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ibi tó parí sí.

Mi ò rọra fà á. Mo gbé e láti 80 lọ sí 103 ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Kí n má parọ́, ó dùn. Mo dúró sí àárín yàrá kan, mo rí ẹnu ọ̀nà méjèèjì àti fèrèsé lẹ́ẹ̀kan náà, láì fọwọ́ kan ojú fóònù. Eré tí mò ń sá yá bíi pé wọ́n fi iná sí mi nídìí, bẹ́ẹ̀ iye ìṣísẹ̀ kan náà ni mo ṣì ń gbé. Ohun tó fa ìyẹn ni pé ilẹ̀ àti ògiri tó wà létí ojú fóònù ń sáré kọjá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo pa èèyàn méjì lọ́jọ́ yẹn tí wọ́n rò pé àwọn ti yọ́ wọlé. Mo ní, ta ló tún ń fi 80 gbá géèmù láyé yìí?

Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. A wà lórí òkè, àwa mẹ́rin, ẹni tó sún mọ́ mi jù ń pariwo pé, "Ó wà níbẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta kejì, o ò rí i ni?" Mo ń wo àpáta. Mo ń wo igi. Ohun tó ń sọ nípa rẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ lójú fóònù mi. Nígbà tí mo fi máa mọ̀ pé orí èèyàn ni orí abẹ́rẹ́ yẹn, ó ti gbé mi ṣubú.

Ó ká mi lára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mú rúlà. Mo lọ sí pápá ìdánrawò, mo dúró sí ojú kan náà, mo kọjú sí ère kan náà, mo sì ya àwòrán ojú fóònù ní 80, ní 90 àti ní 103. Mo wá fi rúlà wọn ère náà lórí gíláàsì fóònù láti orí dé ẹsẹ̀. Ní 80, mílímítà 9 ni. Ní 90, ó lé díẹ̀ ní 7 ààbọ̀. Ní 103, ó ku 6 péré. Ìdá kan nínú mẹ́ta ara ọ̀tá ni mo fi ra ẹnu ọ̀nà méjì yẹn!

Ẹ lè ṣe ìṣirò rẹ̀ láìsí rúlà. Ẹ pín dígírì náà sí méjì, ẹ tẹ bọ́tìnì tí wọ́n kọ tan sí lórí ẹ̀rọ ìṣirò. Tan 40 jẹ́ 0.84, tan 51.5 sì jẹ́ 1.26. Ẹ fi èyí tó tóbi pín èyí tó kéré, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló máa jáde. Kò sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ṣe géèmù tó lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: ojú fóònù kò fẹ̀ sí i, ayé tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀ ló pọ̀ sí i. Ohun gbogbo gbọ́dọ̀ sún mọ́ra.

Ibí yìí ni mo ti wá rí i pé ìmọ̀ràn àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà ti ṣì mí lọ́nà. Wọ́n á ní ẹ gbé e sókè dé ibi tó bá lè dé, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ fún ara wọn. Ẹni tí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, tó sì jókòó jìnnà sí i ní sẹ̀ǹtímítà 60, ojú kọ̀ǹpútà yẹn gba nǹkan bí 53 dígírì lára ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Fóònù mi tí mo dá dùbúlẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, mo sì ń gbé e jìnnà sójú ní nǹkan bí 30. Dígírì 28 péré ló gbà. Èmi àti ẹni yẹn lè jọ fi 103 gbá géèmù, àmọ́ inú àpótí tó fẹ̀ díẹ̀ ju ìdajì tirẹ̀ lọ lèmi ń ti ayé kan náà bọ̀. Ìyà tó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó jẹ mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti gbìyànjú láti gbé fóònù sún mọ́ ojú. Ọrùn mi ló dá mi lóhùn.

Etí ojú fóònù náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ohun tó wà láàrin ń kéré, ohun tó wà ní bèbè ń fẹ̀. Ní 103, ẹni tó bá gba apá ọ̀tún rẹ kọjá máa ń sanra lójijì, yóò rí bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́ gíláàsì, tó bá sì ti dé àárín, á tún gbẹ. Èyí ò ní kí ẹ má rí i, torí ohun tó ń rìn ni ojú wa kọ́kọ́ ń mú létí. Àmọ́ ẹ ò ní mọ bó ṣe jìnnà tó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo yìnbọn sí ẹni tí mo rò pé ó wà nítòsí, àṣé òpópónà kan ṣì wà láàrin wa.

Ti ọwọ́ ńkọ́? Kò yí padà nínú sẹ́tíǹgì, ṣùgbọ́n ó yí padà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá fa àtàǹpàkò bí mo ṣe ń fà á tẹ́lẹ̀, iye dígírì kan náà ni mo yí, àmọ́ ohun tó wà láàrin ojú fóònù rìn díẹ̀, ó wá dà bíi pé ìbọn ti wúwo. Mo gbé sensitivity, ìyẹn bí ojú géèmù ṣe ń yára yí tẹ̀ lé àtàǹpàkò, sókè láti fi tún un ṣe. Àṣìṣe ńlá! Gbàrà tí mo bá ti fi awò ìbọn wò, pàápàá awò ìlọ́po mẹ́rin, igun awò náà ló máa ń gba iṣẹ́, kì í ṣe FOV tí mo fà. Ẹ má fọwọ́ kan ti awò ìbọn nítorí FOV. Ti ìgbà tí ìbọn wà lásán lọ́wọ́ nìkan ni kí ẹ tún tò.

Fóònù mi tún ń gbóná. Ohun tó wọ ojú kámẹ́rà pọ̀ sí i, ilé, igi, koríko, gbogbo rẹ̀ ni fóònù gbọ́dọ̀ yà. Níbi tí fírémù, ìyẹn iye àwòrán tí fóònù ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti máa ń dúró gbọn-in lórí 60 tẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà nígbà tí a bá já sí àárín ìlú tí èèyàn pọ̀ sí. Ẹni tí fóònù rẹ̀ lágbára lè má mọ̀ ọ́n lára.

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. N ò dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ní tábúlẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìgbà tí a bá jọ gbá ló máa ń rí ẹni tó wà lórí òrùlé kí n tó rí i. Mo wá jókòó tì í, mo rí i pé òótọ́ ni: ojú ọ̀run àti ilẹ̀ tó ń rí ju tèmi lọ. Irú ojú tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀, 4:3, ìyẹn ìbú mẹ́rin sí òró mẹ́ta, ló fà á. Géèmù kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣe é. Àwọn kan ń di ìbú mú, wọ́n á wá jẹ́ kí òró tẹ̀ lé ojú ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni tábúlẹ́ẹ̀tì ti ń jèrè òkè àti ilẹ̀. Àwọn mìíràn ń di òró mú. Ní irú ìyẹn, bí ojú ẹ̀rọ 16:9 bá ń rí 90 dígírì, fóònù gígùn 20:9 á rí nǹkan bí 103, tábúlẹ́ẹ̀tì 4:3 á sì rí nǹkan bí 74 péré. Ẹni tó bá fẹ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì nítorí géèmù, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí géèmù yín ń ṣe.

Mi ò lówó tábúlẹ́ẹ̀tì, mo bá sọ fóònù mi di tábúlẹ́ẹ̀tì. Mo tan USB debugging, sẹ́tíǹgì tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè pàṣẹ fún fóònù, mo fi okùn so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, mo tẹ àṣẹ tó ń yí ìwọ̀n ojú fóònù padà: adb shell wm size 1080x1440. Lójú ẹsẹ̀, fóònù 1080x2400 mi di àpótí kékeré láàrin, dúdú bò ó lápá ọ̀tún àti òsì. Mo rí òkè, mo rí ilẹ̀, ó ṣiṣẹ́! Àmọ́ gbogbo bọ́tìnì kó ara wọn jọ, àtàǹpàkò mi méjèèjì bo ìdajì ojú ogun, ọ̀tá sì wá kéré ju ti 103 lọ. Ìdíje mẹ́ta ni mo gbá. Mo tẹ adb shell wm size reset, mo yọ okùn.

Ti áàpù ni mi ò tíì gbàgbé. Géèmù mìíràn ni o, tí kò ní ọ̀pá FOV rárá, ni mo ń wá ojú fífẹ̀ fún. Mo rí áàpù kan tó ní òun á fún mi ní ojú tábúlẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, ọ̀fẹ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ní kí n gba òun láyè láti wọ inú fáìlì géèmù. Mo gbà á láyè. Ó fi ìpolówó márùn-ún hàn mí kó tó ṣí, ojú géèmù fẹ̀ lóòótọ́, mo gbádùn rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta, mo ṣí géèmù, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti ti àkáǹtì mi pa torí pé mo lo irinṣẹ́ tí kò tọ́. Mi ò lè bá wọn jà, torí mo lò ó. Ẹni tó bá fọwọ́ kan fáìlì géèmù láti fi rí ohun tí ẹlòmíràn ò rí, arẹ́nijẹ ni lójú wọn, kò sí bó ṣe lè ṣàlàyé ara rẹ̀. Aṣọ tí mo fi ọdún méjì kó jọ fún jagunjagun mi bá a lọ.

Nítorí náà mo padà sórí ọ̀pá. Mo fà á wálẹ̀ láti 103 sí 98, mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbá a, mo fà á sí 94, mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbá ìyẹn náà. Báyìí orí 90 ni mo wà, ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Ní 90, mo ń rí ẹnu ọ̀nà kan àti ìdajì ìkejì, ó sì tó mi. Ẹni tó wà lẹ́bàá àpáta ní ọwọ́, ó ní orí. Tó bá jẹ́ inú ilé kékeré lẹ ti ń jà jù, tí kì í ṣe pápá gbalasa, 95 sókè lè bá yín lára mu jù mí lọ. Tó bá sì jẹ́ pé 80 ń mú kí òòyì kọ́ yín lójú, tó ń ṣe yín bí èébì, ẹ tètè gbé e sókè díẹ̀, ojú tó há jù máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ọ̀pá náà. Ìkarùn-ún, mo dì í mú torí mo fẹ́ kí n lè ní nọ́ńbà méjì, ọ̀kan fún inú ilé, ọ̀kan fún ìta, kí n máa fi bọ́tìnì kan pààrọ̀ wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti gba FPP báyìí, ó sì fa tirẹ̀ dé 103, kò gbọ́ àlàyé. Nínú ilé, òun ló ń kọ́kọ́ rí mi. Tí a bá ti jáde sí pápá, ó máa ń bi mí pé ibo ni ọta yẹn ti wá.