Oṣù mẹ́ta tí mo ti ń fi ìpara oòrùn aláwọ̀ pa orúnkún mi

Ẹwà kọ́ ló gbé mi dé ìdí ìpara oòrùn, ìyẹn ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, ọmọ ni. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni. Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ iléèwé ti ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà, bàtà ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ àbíkẹ́yìn mi, ó sì ń sá kiri fún mi. Bí mo ṣe ní kí n gbá a mú báyìí, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí kọnkéré. Orúnkún ọ̀tún ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ sì rọ́ tẹ̀ lé e. Ọmọ náà dúró, ó wò mí títí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń jáde." Ìgbà yẹn ló tó wọ bàtà kejì fúnra rẹ̀.

Ẹsẹ̀ tó rọ́ yẹn kò yọ mí lẹ́nu ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Egbò orúnkún ló lọ́rọ̀ nínú. Nọ́ọ̀sì tó bá mi fọ̀ ọ́ ní kí n má jẹ́ kó gbẹ kó le, kí n máa fi fasilíìnì pa á, kí n sì bò ó. Ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ torí ariwo ọmọ: bí awọ tuntun bá ti bò ó tán, kí n má ṣe jẹ́ kí oòrùn máa rí i. Ó ní àwa tí ara wa dúdú, ibi tí a bá ti fara pa sábà máa ń ṣú lẹ́yìn tó bá jinná, oòrùn á wá jẹ́ kó ṣú sí i, á sì pẹ́ kó tó ṣí. Mo wo àpá kan tó wà lórúnkún òsì mi láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ní ó yá, ẹ jẹ́ ká dán an wò.

Ohun kan ṣoṣo tó ń dá oòrùn dúró nínú èyí tí mo kọ́kọ́ rà ni zinc oxide, ìyẹ̀fun funfun kan. Mo fi pa orúnkún, àfi bíi pé mo kúnlẹ̀ sínú ẹfun. Mo fi ra ojú, ọmọ mi àgbà bi mí pé ta ló da lẹ́búlẹ́bú lé mi lórí. Mo jù ú sínú àpótí, mo lọ ra èyí tí wọ́n fi àwọ̀ sí, tó rí bí amọ̀ pupa nínú túùbù. Òun ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Iron oxide ló fún un láwọ̀, ìran ìpẹtà ara irin ni, kì í sì í ṣe tìtorí kí ojú má funfun nìkan. Ìmọ́lẹ̀ tí à ń fojú rí gan-an lè mú kí awọ dúdú ṣú sí i, ìpara oòrùn tí kò láwọ̀ kì í sì í dá ìyẹn dúró dáadáa. Ká ní mo ti mọ̀ ni, mi ò bá má fowó ṣòfò lórí àkọ́kọ́.

SPF 50 ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ìpara ṣe ń dá oòrùn tó ń jó awọ dúró tó. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn dẹ́rù bà yín. SPF 30 ń dá nǹkan bí 97 nínú 100 ìtànṣán UVB, irú ìtànṣán oòrùn tó ń jó awọ, dúró, 50 ń dá nǹkan bí 98. Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà yín ni bí wọ́n ṣe ń pa á nígbà tí wọ́n ń wọn nọ́ńbà náà: mílígíráàmù 2 sórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan. Ta ló ń pa tó bẹ́ẹ̀ nílé? Ojú àti ọrùn nìkan, wọ́n ní kéèyàn fà á gùn bí ìka méjì. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ fi pa gbogbo ara á lò tó mílílítà 30. Túùbù tèmi, mílílítà 50 ni. Wọ́n tún ní kéèyàn tún un pa ní wákàtí méjì méjì tó bá wà níta. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ fún ilé ẹlẹ́ni márùn-ún.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orúnkún ni mo ti rí iṣẹ́ rẹ̀. Ibi kékeré ni, mo lè pa á nípọn bó ṣe yẹ, kó má sì tán. Apá mi tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀ náà ń jẹ nínú rẹ̀, torí UVA, irú ìtànṣán oòrùn kejì, ń gba inú gíláàsì kọjá. Ti àwọn ọmọ ni kò bọ́ sí i. Òógùn gbé e wọnú ojú ọmọ kejì, ó ké bí ẹni tí oyin ta. Àgbà ní ó ń lẹ̀ mọ́ òun lára. Dádì wọn ní tiẹ̀ ní, "Oòrùn tí mo bá láyé nìyẹn, kò tíì pa mí." Fìlà etí gbòòrò àti aṣọ alápá gígùn ni mo padà rà fún wọn. Aṣọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún un pa.

Ẹ̀sùn mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń dunni. Ìdérí rẹ̀ kò dé ṣinṣin. Ó ti ṣí nínú báàgì mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ba ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ jẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń mọ́ ọrùn aṣọ funfun, ọṣẹ lásán kì í sì í mú un kúrò. Bí mo bá pa á lé fasilíìnì, ńṣe ló ń yọ̀ kiri. Ẹ̀bi tèmi kan wà níbẹ̀ náà: mo kánjú, mo pa á nígbà tí èépá ṣì wà ní igun kan tí ojú egbò ò tíì padé. Ó ta mí débi pé mo jókòó sílẹ̀. Orí awọ tó ti jinná ni ẹ máa pa á sí o.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àpá ọ̀tún ṣì ṣú díẹ̀ ju ara tó kù lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí mi ò bá nàka sí i fún kì í rí i. Ti òsì ṣì wà bó ṣe wà. Mi ò ní fi gbogbo rẹ̀ gbóríyìn fún ìpara náà, torí egbò ti òsì jìn ju èyí lọ, mi ò sì tọ́jú rẹ̀ nígbà náà. Síbẹ̀, tí èyí bá tán, màá ra òmíràn fún ara mi. Mi ò ní rà á fún àwọn ọmọ.

Inú kọ́ọ̀bù búrọ́ọ̀ṣì ni mo ń kì í sí, kí n má baà gbàgbé rẹ̀ láàárọ̀. Àbíkẹ́yìn ló ń bá mi ṣí ìdérí. Ó ti sọ fún tíṣà wọn pé orúnkún Mọ́mì òun máa ń fọ eyín.