Aago tàbí òrùka tó ń ka oorun: èwo ni kí ẹ rà?

Bí ẹ bá fẹ́ jókòó ti ìṣirò oorun yín fúnra yín, ẹ má jẹ́ kí máàkì tí ẹ̀rọ ń fúnni láàárọ̀ tàn yín. Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ni bóyá àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣeé kó jáde.

Ti Apple Watch ṣeé kó jáde lọ́fẹ̀ẹ́, láti inú áàpù Health. Àmọ́ fáìlì XML ńlá kan ṣoṣo ni, oorun, ìrìn àti bí ọkàn ṣe ń lù ti dà pọ̀ mọ́ra nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ kóòdù kọ yóò làágùn. Bátìrì ni wàhálà rẹ̀ gan-an. Wákàtí 18 ni Apple kọ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí iná bá lọ nírọ̀lẹ́, orí tábìlì ni aago yóò sùn, òru yẹn á sì di àlàfo nínú ìṣirò yín.

Fitbit, aago àti ọ̀já ọwọ́ tó di ti Google ní 2021, ń pẹ́ jù ú lọ dáadáa kí iná rẹ̀ tó tán. Google Takeout, ojú ewé tí Google fi ń jẹ́ kí èèyàn kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde, lẹ óò fi kó o, fáìlì oorun sì dá wà lọ́tọ̀. Òun ni mo máa ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mú.

Oura, òrùka àwọn ará Finland, kì í dí èèyàn lọ́wọ́ lóru, bátìrì rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ óò máa san dọ́là lóṣooṣù. Whoop, ọ̀já ọwọ́ tí kò tilẹ̀ ní ojú, náà ní owó tí ẹ óò máa san. Kí n sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi, kí n tún máa sanwó rẹ̀! Xiaomi Smart Band ló rọjú jù, àmọ́ kíkó àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde kò rọrùn tó tàwọn yòókù.

Kò sí èyí tó ń ka ọpọlọ nínú gbogbo wọn. Ní ọsibítù, wáyà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí, ẹ̀gbẹ́ ojú àti àgbọ̀n. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ń fi bí ara ṣe ń mira àti bí ọkàn ṣe ń lù méfò ni. Bí ẹ bá la ojú sílẹ̀ láìmira, ó lè kà á sí oorun. Nítorí náà, ẹ gba àsìkò tí ẹ sùn àti tí ẹ jí gbọ́, kí ẹ fura sí iye ìṣẹ́jú àsùnwọra (oorun tó jinlẹ̀) tó bá kọ. Ẹ má sì fi àsùnwọra Oura wé ti Fitbit, ìṣirò kálukú yàtọ̀. Ẹni tó ń hanrun, tó tún ń tòògbé lọ́sàn-án, dókítà ló nílò.

Bó bá jẹ́ Apple Watch tòkunbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ẹ rí i pé olówó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti yọ àkáǹtì rẹ̀ kúrò níṣojú yín kí ẹ tó sanwó, torí kò ní ṣiṣẹ́ fún yín láìjẹ́ bẹ́ẹ̀.