Bàbá Mi Kò Wàjà: Ilé Ìtẹ̀wé Kan ní Mọ́kọ́lá

A sin bàbá mi ní oṣù tó kọjá. Ẹni ọdún 87 ni wọ́n. Akọ̀wé rélùwéè ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Òkè-Àrẹ̀mọ ní Ìbàdàn ni ilé wọn wà títí wọ́n fi lọ. Nípa pósítà àti ìwé ètò ìsìnkú wọn ni mo ṣe ń kọ èyí. Ilé ìtẹ̀wé méjì ni mo dé kó tó bọ́ sí i.

Mi ò ní dárúkọ ti àkọ́kọ́. Wọ́n yára, owó wọn sì fúyẹ́: ₦1,500 lórí ìwé kan tó ní ojú ewé 16. Ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà gba fọ́tò lọ́wọ́ mi, ó gba orúkọ, ó ní kí n padà wá lọ́la. Nígbà tí mo padà dé, ohun tí mo bá lójú pósítà ni "Bàbá wa wàjà." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi í pé ta ló ní kó kọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ló dùn létí jù, pé ṣebí òun náà ni wọ́n ń lò fún Olúbàdàn.

Bẹ́ẹ̀ ni, òun ni wọ́n ń lò fún Olúbàdàn. Nígbà tí Ọba Sàlíù Adétúnjí lọ ní ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní 2022, wàjà la wí. Nígbà tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí tẹ̀lé wọn ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, wàjà náà la wí. Ọba kì í kú, àjà ni ọba ń wọ̀. Adé ló gbé ọ̀rọ̀ yẹn ró. Bàbá mi kò joyè kankan láyé wọn. Kódà nígbà tí mọ́lẹ́bí fi oyè mógàjí, ti olórí agbo ilé, lọ̀ wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n gbé e fún àbúrò àwọn. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ la ó wá lẹ tiẹ̀ mọ́ ògiri ní Bẹẹrẹ pé ó wàjà?

Àṣìṣe kejì ló dùn mí jù. Wọ́n kọ "Àkọ́bí" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àbúrò mi ọkùnrin. Dáwódù ni àbúrò mi, èmi ni àkọ́bí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣáájú rẹ̀ wáyé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ọ̀kan pe èkejì, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló ń jẹ́ dáwódù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ìyá àti bàbá rẹ̀ ni àkọ́bí, ì báà ṣe obìnrin. Bàbá mi kò fi orúkọ yẹn dù mí rí. "Àkọ́bí mi" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ ní Ọ̀yọ́. Mo fi owó àsansílẹ̀ mi sílẹ̀ fún wọn, mo sì jáde.

Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ló júwe Mọ́kọ́lá fún mi. Àjà kejì ni ilé ìtẹ̀wé náà wà, àtẹ̀gùn rẹ̀ ga, kò sí ohun tí àgbàlagbà lè dì mú. Ibi tí ọkọ̀ lè dúró sí kò sí rárá. Jẹnẹrétọ̀ ń bú lábẹ́ fèrèsé débi pé ẹ ó máa pariwo kí wọ́n tó gbọ́ yín. Bàbá kan tó ti hewú ló ni ibẹ̀, okùn ni wọ́n fi so ìgò ojú wọn mọ́ ọrùn.

Wọn ò kí mi tààrà. Fọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ọdún mélòó ni wọ́n lò láyé?" Mo ní 87. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ pé, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ìyá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn ó dára." Wọ́n rí i pé ó yà mí lẹ́nu. Wọ́n ní obìnrin kan ti wọlé bẹ́ẹ̀ rí, àwọn sì yára kí i pé ẹ kú àṣẹ̀yìndè, àfi ìgbà tó gbé fọ́tò sórí tábìlì, tí àwọn rí ọmọ ọdún 22. "Ẹ kú ọ̀fọ̀ ló yẹ kó ti ẹnu mi jáde. Obìnrin yẹn kàn ń wò mí ni. Látìgbà náà, màá bèèrè kí n tó kí èèyàn."

Wọ́n fa bébà kan tó ti bàjẹ́ yọ, wọ́n yí i padà, wọ́n fi báírò kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí ẹ̀yìn rẹ̀: kú, ṣaláìsí, papòdà, sùn. Wọ́n ní kí n kà wọ́n sókè, kí n sì fi orúkọ bàbá mi ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Tí pósítà bá ti wà lára ògiri," ni wọ́n wí, "ẹnìkan á máa kà á fún ìyá arúgbó tí kò mọ̀wé. Ohun tí etí màmá yẹn máa gbọ́ ni kí ẹ rò."

Mo kà á. "Kú" kò ṣeé gbọ́. Iná ń kú, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń kú, adìẹ ń kú. Bí mo ṣe dé orí "ṣaláìsí" ni mo rántí ọjọ́ kan tí mo jẹ́ ọmọ bí ọdún mẹ́jọ. Mo sáré wọlé pé ewúrẹ́ wa ṣaláìsí, mo rò pé mo sọ ọ̀rọ̀ àgbà. Bàbá mi gbé ìwé ìròyìn tí wọ́n ń kà sílẹ̀, wọ́n ní, "Àkọ́bí, kíkú ni ewúrẹ́ ń kú. Èèyàn ló ń ṣaláìsí, torí pé èèyàn ni à ń wá tí a ò rí." Mo sọ fún bàbá onítẹ̀wé. Wọ́n bọ́ ìgò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n ní, "Bàbá yín mọ̀ ọ́n."

Ti "sùn" ló fa ọ̀rọ̀. Ìjọ Kúdẹtì ni bàbá mi, ìjọ tó ti wà láti ayé àwọn Hinderer, tọkọtaya míṣọ́nnárì tí wọ́n dé Ìbàdàn ní 1853, bàbá mi kékeré sì fẹ́ "sùn nínú Olúwa" gbọingbọin. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni ìdajì agbo ilé wa. Àlájà tó jẹ́ àbúrò bàbá mi ní Ọjà'ba, Ọlọ́hun ni wọ́n ń pè, wọn kì í pe Ọlọ́run. Bàbá onítẹ̀wé ní kí "sùn nínú Olúwa" wà nínú ìwé ètò tí a ó lò ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí pósítà ìta jẹ́ ti gbogbo ilé, kí á sì fi ọpẹ́ fún Adẹ́dàá, tí kò sí ẹni tó máa yọwọ́ nínú rẹ̀. "Papòdà" dára fún ìta lójú mi, àgbà ló ń pa ipò dà. Wọ́n ní ó dára lóòótọ́, àmọ́ ọ̀kan ṣì wà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwọn yòókù: "Bàbá wa rebi àgbà ń rè." Mo kà á sókè. Mi ò lè ka èkejì.

A tún mú ìwé kékeré bàbá mi dání, ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé "Aiye l'ọja, ki nwọn máṣe sọkun." Mo fẹ́ kí wọ́n tún un kọ sí "ayé" àti "wọ́n", bí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ṣe wí. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ohun tí èmi kọ ni kí á kọ bíi ti òde òní, ohùn bàbá mi ni èyí. Wọ́n ya àwòrán ìlà náà, wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn ìwé bó ṣe wà.

Owó wọn ju ti àkọ́kọ́ lọ: ₦1,800 lórí ìwé kan, 250 ni a tẹ̀. Ọjọ́ Tuesday ni wọ́n dá, alẹ́ Wednesday ni mo tó rí i gbà, àìsùn sì ku ọ̀la. Mi ò gbádùn ọjọ́ yẹn rárá. Ọ̀rá ẹ̀yìn ìwé 11 ti ń ṣí létí, wọ́n pààrọ̀ wọn láìgba kọ́bọ̀. Gbogbo àmì ohùn pé, kò sí ẹyọ "ṣ" kan tó di àpótí bí ó ṣe rí ní ti àkọ́kọ́.

Ọmọ-ọmọ Àlájà ló ka pósítà fún wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ki ẹ̀gbọ́n wọn.

Tí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ẹ lọ ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn, torí wọ́n á bi yín pé ta ló kọ́kọ́ dé. Nínú tiwa, orúkọ mi ló ṣáájú.