Ibi tí nọ́ọ̀sì àti dókítà ti ń bára wọn sọ̀rọ̀: àgbéyẹ̀wò ìtọ́jú aboyún tí mo rí gbà ní Iléṣà

Ẹ̀yin aboyún Iléṣà àti agbègbè rẹ̀, kí ẹ tó sanwó káàdì níbikíbi, ẹ bi wọ́n léèrè ohun kan: bí nọ́ọ̀sì bá rí ohun tí kò dáa lára aboyún lónìí, ta ni yóò sọ ọ́ fún, báwo ni ẹni yẹn yóò sì ṣe tètè gbọ́? Bí wọ́n bá ṣàlàyé rẹ̀ tó yé yín, ẹ jókòó. Bí wọ́n bá kàn ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, dókítà wà," ẹ tún un bi wọ́n. Mo ti bímọ níbi tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń dá tirẹ̀ ṣe, mo sì ti bímọ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é pọ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì pọ̀ ju ohun tí mo lè dákẹ́ lé lórí lọ.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni mo bí àkọ́bí mi sí, mi ò ní dárúkọ wọn. Ọ̀yàyà wọn dáa. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń wọn ìfúnpá, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru sí, ní ìwé tirẹ̀, dókítà ní káàdì tirẹ̀, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì lè jókòó sí yàrá àyẹ̀wò títí ẹ ó fi lọ béèrè rẹ̀ fúnra yín. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì òwúrọ̀ pé orí ń fọ́ mi. Nígbà tí ti alẹ́ dé, kò gbọ́ ohunkóhun nípa orí fífọ́, ó ní kí n tún gbogbo rẹ̀ rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ń rọbí ni mo wá ń jíṣẹ́ láàárín wọn. Ọlọ́run yọ mí, mo sọ̀ láyọ̀, àmọ́ ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn pẹ́ lára mi kí n tó tún gbà láti lóyún.

Nígbà tí oyún kejì dé, ìyá kan tí ìsọ̀ wa jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, níbi tí mo ti ń ta aṣọ ọmọdé, ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyàwó, ìwọ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò wa. Àwọn àti ilé ìwòsàn ńlá ìjọba jọ ń ṣe é ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, wọn kì í fi aboyún ṣeré." Ibẹ̀ ni mo lọ.

Bí ètò náà ṣe rí nìyí. Àwọn agbẹ̀bí àti òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ló ń tọ́jú aboyún tí ara rẹ̀ le. Dókítà láti ilé ìwòsàn ńlá máa ń wá lọ́jọ́ tí wọ́n ti là sílẹ̀ láti wo àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn gba àkíyèsí. Apòògùn àti òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò wà nínú ilé kan náà, orí káàdì kan náà ni gbogbo wọn sì ń kọ̀wé sí. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera ní ìgbà 8, ó kéré tán, kó tó bímọ. Ìgbà 4 ni wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀. Ìgbà 8 yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀. A máa ń kọrin, a máa ń pàtẹ́wọ́, nọ́ọ̀sì á kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, wọ́n á wọn ìfúnpá, wọ́n á yẹ ìtọ̀ wò. Ojú wọn báyìí ni a ti ń gbé oògùn ibà mì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kékeré kan hàn yín. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò pọ̀ tó. Obìnrin tó ṣe àyẹ̀wò náà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé èsì lọ bá nọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ apòògùn, ó ti mọ̀. Ó bi mí pé kí ni mo fi ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ mì. Mo ní tíì ni, pẹ̀lú búrẹ́dì àárọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, tíì kì í jẹ́ kí ara gba oògùn yìí dáadáa. Omi ọsàn ni kí ẹ máa fi gbé e, kí ẹ jẹ́ kí tíì dúró di ìgbà mìíràn." Ó kọ ọ́ sórí káàdì. Nígbà tí mo padà lọ, nọ́ọ̀sì tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ló béèrè pé, "Ṣé ẹ ti fi tíì sílẹ̀?" Ẹ ò lè mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe tù mí lára tó.

Káàdì yìí ńkọ́? Ọwọ́ mi ló ń gbé, ilé mi ló ń sùn. Ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ni ìyá mi; nígbà tó rí i, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni káàdì tiwọn ṣe máa ń wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn. Òótọ́ ló sọ. Ọdún 1956 ni Dókítà David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà níbí, Ìmẹ̀sí-Ilé ló sì ti ṣètò kíliníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ìyá ọmọ ló sì ń tọ́jú káàdì tí wọ́n fi ń wo ìdàgbàsókè ọmọ rẹ̀ sílé. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni káàdì yẹn ti tàn ká ayé. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe nílé ìwòsàn jẹ́ àṣà òkè òkun, ẹ sọ fún un pé ó ti pẹ́ nílé wa.

Oyún mi ti lé ní ọ̀sẹ̀ 37 nígbà tí ọ̀rọ̀ yí padà. Akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí kan ló wọn ìfúnpá mi lọ́jọ́ náà, ọmọdé pátápátá. Ó wo ẹ̀rọ, ó tú aṣọ tó fi wé mi lápá. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀." Ó ní sùúrù díẹ̀, ó tún un wọ̀n: 150 lórí 100. Tó bá ti dé 140 lórí 90, wọ́n ti gbọ́dọ̀ wádìí rẹ̀. Ó fún mi ní ike kékeré kí n lọ tọ̀ sínú rẹ̀. Bó ṣe ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ náà bọ ìtọ̀, ojú mi ni ibi tó pupa rúsúrúsú lórí rẹ̀ ṣe di àwọ̀ ewé. Èmi ò mọ ohun tó jẹ́, àmọ́ ojú ọmọ náà yí padà.

Ó lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà, ẹni tí aboyún rọ̀gbà yí ká. "Màmá, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ẹ dákun, ẹ wá wo ìyàwó yìí báyìí." Nọ́ọ̀sì àgbà ò jágbe mọ́ ọn. Ó dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó wo bébà náà, ó bi mí bóyá orí ń fọ́ mi, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé fóònù: "Oyún kejì, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ 37. Ìfúnpá 150 lórí 100, ẹ̀ẹ̀mejì la wọ̀n ọ́n. Protein wà nínú ìtọ̀, orí ń fọ́ ọ. Mo rò pé ìfúnpá oyún ni, mo ń fi í ránṣẹ́ sí yín báyìí pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kan." Ó ní kí ẹni tó wà lódìkejì tún un sọ fún òun. Ó fetí sí i títí tó fi parí, kó tó gbé fóònù sílẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìlera kan bá mi wọ ọkọ̀. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn ńlá, dókítà tó pàdé wa ti ní orúkọ mi lórí ìwé. Ìfúnpá mi ti di 170 lórí 110, ojú mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Kò sẹ́ni tó ní kí n bẹ̀rẹ̀ ìtàn látilẹ̀. Wọ́n fún mi lóògùn ìfúnpá, wọ́n sì fún mi ní magnesium sulphate kí gìrì aboyún má bàa gbé mi. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2002 ló fi hàn pé abẹ́rẹ́ yìí ń dín ewu gìrì kù sí nǹkan bí ìdajì. Wọ́n kọ́kọ́ fà á sí iṣan apá mi, ara mi gbóná láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n tún gún un sí ìdí mi lọ́tùn-ún lósì. Ó dùn mí wọra.

Ibi ìṣọ́ abẹ́rẹ́ yìí ni mo ti rí i pé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni. Bí ó bá pọ̀ jù lára, èémí lè dá. Nítorí náà ni nọ́ọ̀sì ṣe ń fi òòlù kékeré lu orúnkún mi, tó ń ka èémí mi, tó ń wo iye ìtọ̀ tó wà nínú àpò, tó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé orúnkún ló máa ń kọ́kọ́ kọ̀ láti ta, kó tó kan èémí. Oògùn tó ń pa agbára magnesium wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí àwọn aláàárọ̀ fẹ́ fi iṣẹ́ lé àwọn alálẹ́ lọ́wọ́, ẹ̀bá ibùsùn mi ni wọ́n ti ṣe é, lójú mi, létí mi. Ọ̀kan sọ ọ́ ketekete pé, "Ẹ ṣọ́ra, kò gbọdọ̀ gba ergometrine," nítorí oògùn ìdáǹdùró ẹ̀jẹ̀ yẹn máa ń gbé ìfúnpá sókè. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú fáìlì mi.

Wọ́n fi oògùn mú ìrọbí bẹ̀rẹ̀. Kí n tó rọbí dé òpin, agbẹ̀bí àgbà béèrè lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá: ta ló ń gba ọmọ, ta ló ń fún ìyá ní oxytocin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ya, ta ló ń wo ẹ̀jẹ̀? Olúkúlùkù dáhùn. Dókítà ọmọdé wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá kan tó ní ìlà ìwọ̀n sábẹ́ mi láti gba ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n má baà fojú díwọ̀n rẹ̀. Mo kà á lẹ́yìn náà pé ìwádìí tó jáde lọ́dún 2023, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tansaníà àti South Africa, fi hàn pé bí wọ́n bá ń lo irú ọ̀rá yìí, tí wọ́n sì ń fún obìnrin ní gbogbo ìtọ́jú ìsun ẹ̀jẹ̀ pa pọ̀ lẹ́sẹ̀kan náà, ewu ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le máa ń dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Wọ́n gbóhùn ìyá, wọ́n gbóhùn ọmọ. Obìnrin ni.

Ibi tí wọ́n kù sí wà, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni kaṣíà. Ètò yìí dùn títí tó fi dé ojú fèrèsé owó. Ọkọ mi ń sáré láàárín kaṣíà, ilé oògùn àti bánkì ẹ̀jẹ̀ ní òru, ibì kọ̀ọ̀kan sì ń béèrè ìwé tí ibì kejì kò tíì fún un. Àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù mọ ohun tó ń ṣe mí, àwọn tó wà nídìí owó ò mọ̀. Ẹ fi wọ́n sínú ètò náà, ẹ̀yin aláṣẹ. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ti gìrì aboyún ni, wọ́n á mọ̀ pé kò lè dúró de rìsíìtì.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyá ọkọ mi. Orí bẹ́ńṣì níta ni màmá wà láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀, kò sì sí ẹni tó jáde láti sọ fún un pé, "Màmá, ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí." Ìgbà tí ọmọ ké ni màmá tó mọ̀ pé mo ṣì wà láàyè. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ gbà pé kí obìnrin ní ẹni tó bá wù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà ìrọbí. Bí àyè ò bá gbà á, ó yẹ kí ẹnì kan máa jáde lọ bá àwọn ẹbí.

Ọ̀rọ̀ fóònù náà tún wà. Káàdì ìpè nọ́ọ̀sì àgbà fúnra rẹ̀ ló fi pe ilé ìwòsàn ńlá. Bí owó bá tán lórí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?

Lẹ́yìn ìbímọ ni mo tún wá rí i pé wọn kò já okùn náà. Ìfúnpá oyún lè ṣọṣẹ́ lẹ́yìn tí ọmọ ti jáde, pàápàá láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, nítorí náà wọn ò jẹ́ kí n tètè lọlé. Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, òṣìṣẹ́ ìlera tó bá mi wọ ọkọ̀ ló sì ń wá wọn ìfúnpá mi nílé. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ 6, wọ́n bi mí bí mo ṣe ń sùn, bóyá mo máa ń sunkún láìnídìí, bóyá ọmọ ń sú mi. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́bí, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni mo nílò rẹ̀. Dókítà ní bí mo bá tún lóyún, kí n wá kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta, torí wọ́n máa fún mi ní aspirin kékeré lójoojúmọ́ láti dín ewu yìí kù. Ó kọ ọ́ sórí káàdì mi. (Ẹ má lọ ra á fúnra yín o, dókítà ló ń sọ ẹni tó yẹ ẹ́.)

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún wọn. Ti ìyá ọkọ mi àti ti kaṣíà ló jẹ ọ̀kan tó kù. Ní ti iṣẹ́ ìtọ́jú fúnra rẹ̀, mi ò rí àléébù. Àbúrò mi obìnrin lóyún báyìí, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé yẹn ni mo mú un lọ, mo sì ti sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà pé èmi ni màá jókòó tì í nígbà tó bá ń rọbí. Ó ní òun máa bá àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn ńlá sọ ọ́, òun á sì fún mi lésì.