Ìwé Thrawn mẹ́ta tí mo rà ní Yábàá: ewé ẹ̀yìn ò sí, ẹnu àbúrò ò sì gbé jẹ́ẹ́

Inú mọ́tò ọ̀gá mi ni mo wà ní Broad Street, lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá ti wọ báńkì lọ ṣèpàdé, ó ní òun ò ní pẹ́. Àwa awakọ̀ mọ bí "mi ò ní pẹ́" àwọn ọ̀gá ṣe máa ń gùn tó, torí náà mo ti ti àga sẹ́yìn, mo ṣí wíńdò díẹ̀ kí atẹ́gùn ọ̀sà ráyè wọlé, mo gbé ìwé lé ọwọ́ ọkọ̀. Ìwé kẹta ni nínú mẹ́ta, ìtàn ogun ojú sánmà Star Wars, ogun sì ti gbóná. Ọkọ̀ ogun Ọ̀gágun Thrawn ti ká àwọn ọ̀tá rẹ̀ mọ́ ní Bilbringi. Rukh, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Ojú ọ̀gágun tutù bí omi àmù. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń wo ìjà bí ẹni tó ń wo ọpọ́n ayò tó sì ti mọ ibi tí ọmọ ìkẹyìn máa bọ́ sí. Mo ṣí ewé kan. Páálí ẹ̀yìn ìwé ni mo bá pàdé.

Mo kọ́kọ́ rò pé ewé ló lẹ̀ mọ́ra. Mo fi àtàǹpàkò ra á títí, kò sí nǹkan. Mo wá ya ìdí ìwé náà wò, mo rí àtè gbígbẹ tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ bí èèpo ẹ̀pà, àti ibi tí ewé ti já kúrò. Ewé méjìlá.

Irú ìbínú yẹn kì í jẹ́ kéèyàn jókòó. Mo jáde kúrò nínú mọ́tò, mo pe nọ́ńbà tó wà lára rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

"Ẹ káàsán sà."

"Káàsán o, àbúrò. Ìwé tí ẹ tà fún mi ò pé. Ewé ẹ̀yìn ti já lọ."

"Háà, ẹ má bínú sà. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni?"

"Ìkẹta."

"Ẹ dákun sà, ṣé ó dé ibi tí Rukh ti gún Thrawn lọ́bẹ lórí àga, àbí kò débẹ̀?"

Mo dákẹ́. Ọkọ̀ BRT kan kọjá, ó fun fèrè, mo ṣì dákẹ́.

"Ta ló gún ta?"

"Yéè! Sà, ṣé ẹ ò tíì kà á débẹ̀ ni?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ kà á débẹ̀ nígbà tí ibẹ̀ ò sí nínú ìwé?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ó bẹ̀ mí títí, ló bá tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́ sí i: ó ní kí n má wulẹ̀ banú jẹ́, pé Pellaeon, igbákejì ọ̀gágun, kó ìyókù ọkọ̀ jáde. Mo gé fóònù náà. Ìwé mẹ́ta, ₦18,000, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti ń ka nǹkan yìí díẹ̀díẹ̀ láàárín gosiló Third Mainland àti ibi ìgbọ́kọ̀sí, ọmọ kékeré kan ti fi ìṣẹ́jú kan pa á fún mi.

Kí ẹ tó sọ pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ló fà mí wọ̀ ọ́. Ó ń fi dátà mi wo Star Wars Rebels, mo ní kí n gba fóònù mi, ni mo bá rí ọkùnrin aláwọ̀ búlúù kan, ẹyinjú pupa bí ẹyinná, aṣọ ológun funfun báláú lọ́rùn rẹ̀, tó dúró jẹ́ẹ́ tó ń wo iṣẹ́ ọnà àwọn ọ̀tá rẹ̀. Kì í pariwo. Kì í halẹ̀. Ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn títí tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń ronú àti ibi tí wọ́n máa ti ṣìnà. Mo jókòó ti ọmọ, a jọ wò ó tán. Ọdún 2016 ni wọ́n mú Thrawn wọ àwòrán yẹn. Lars Mikkelsen tó ń fi ohùn ṣe é níbẹ̀ náà ló wá fi ara rẹ̀ ṣe é nínú eré Ahsoka ní 2023. Ṣùgbọ́n ìwé ló ti wá o: Timothy Zahn ló dá a sílẹ̀ nínú Heir to the Empire ní 1991, Dark Force Rising tẹ̀lé e ní 1992, The Last Command ní 1993. Àwọn mẹ́ta yìí ni mo rà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ àbúrò yẹn fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀ nìyí: nínú àwòrán tí a wò, wọn ò pa Thrawn. Àwọn ẹja ńlá ojú sánmà tí wọ́n ń pè ní purrgil ló wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Rukh gan-an ló kọ́kọ́ kú níbẹ̀, ó kú tòun ti ìfẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo rí Rukh nínú ìwé tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ọkàn mi balẹ̀. Mi ò rántí pé ní 2014, àwọn tó ni ìtàn náà ti ya gbogbo ìwé àtijọ́ sọ́tọ̀, wọ́n pè wọ́n ní Legends, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú wọn ò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Ẹni kan ṣoṣo, ìṣubú méjì.

Ìdìde rẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ sọ, ẹ máa kà á fúnra yín. Chiss ni, ìran aláwọ̀ búlúù, àwọn ènìyàn rẹ̀ lé e jáde, Olú-ọba tí kì í fẹ́ rí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ènìyàn sì fi í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun àgbà méjìlá. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ kéré sí ìyẹn. Nínú ìwé kìíní, ọmọ ogun kan tó ń darí ẹ̀rọ tó ń fa ọkọ̀ mọ́ra jẹ́ kí Luke Skywalker, akọni àwọn ọ̀tá Thrawn, bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀gágun bi í léèrè, ó ń wá àwáwí. Rukh ló pa á, lójú gbogbo èèyàn. Nínú ìwé kẹta, irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ tún bọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ogun tibí ti dá ọgbọ́n kan fúnra rẹ̀, ọgbọ́n náà ni ò jẹ́. Ọ̀gágun gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, irú ọ̀gá báyìí ni mò ń wá.

Ní Sátidé, mo wọ dáńfó láti Bàrígà, mo lọ bá wọn ní Yábàá. (Ọmọ tó fi ọ̀kadà gbé ìwé wá fún mi níjọ́sí ò ní ẹ̀bi rárá, ó rọra wé e sínú náílọ́ọ̀nù méjì torí òjò. Kí Ọlọ́run bù kún un.) Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó na ìka sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà.

"Mà, mi ò ní kí ẹ gbà á padà. Ewé méjìlá tí mo sanwó rẹ̀ ni mò ń béèrè."

"Òkìrìkà ni, bọ̀ọ̀dá. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ láti ìlú òyìnbó la ṣe tà á."

"Ṣé ẹ máa ra bàtà òkìrìkà tó jẹ́ ẹsẹ̀ kan?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé e mì. Bàbá arúgbó kan tó jókòó sí kọ̀rọ̀, tó fi òwú so apá dígí ojú rẹ̀, ló ní kí n mú un wá. Ó gbé ìwé náà sún mọ́ imú rẹ̀, ó gbóòórùn ìdí rẹ̀, ó ní, "Àtè àtijọ́ ni. Ooru Èkó ló pa á." Ó ní bí òun bá rí ẹ̀dà mìíràn, òun máa gbé e lọ sí Ṣómólú, àwọn ọmọ òun níbẹ̀ á fi ewé tuntun sí i, ojú ò ní mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀dà mìíràn wo? Ìyá ní kò sí. Níbẹ̀ ni ọmọbìnrin kan ti jáde láti ẹ̀yìn pẹpẹ ìwé, kò lè wo ojú mi. Ó kúnlẹ̀. Ohùn oyin yẹn náà ni. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìwé kẹta jáde, ó ti fi kàlẹ́ńdà ilé ìjọsìn bò ó bí ìwé ọmọ iléèwé.

"Sà, tèmi nìyí. Owó oṣù mi kìíní ni mo fi rà á. Mi ò lè fún yín o, ṣùgbọ́n ẹ lè ṣe fọtokópì ẹ̀yìn rẹ̀."

Ìbínú mi ò mọ ibi tó gbà mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo padà lọ. Bàbá yẹn mọ iṣẹ́. Ó gé bèbè ewé tuntun bá ti àtijọ́ mu, ó sì fi tíì pa á láwọ̀ kí funfun rẹ̀ má baà ta yọ. Ewé kan wọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta gé kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀, mi ò bá wọn jà sí ìyẹn. Ìyá gba ₦1,500 lọ́wọ́ mi fún iṣẹ́ náà. Ẹ gbọ́ dáadáa: mo sanwó ewé tó yẹ kó ti wà níbẹ̀. Ìyẹn ṣì ń dùn mí di ìsinsìnyí.

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo kà á. Mo débi ọ̀bẹ. Ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, pẹ́ńsù àbúrò yìí ti wọ inú fọtokópì: "Ó tọ́ sí i." Síwájú díẹ̀, níbi tí Pellaeon ti pàṣẹ pé kí wọ́n sá, ó kọ "Pẹ̀lẹ́, bàbá."

Mo pè é. Mo ní kí ló dé tó fi tọ́ sí i? Ó gbàgbé ìtìjú rẹ̀ lójijì. Ó ní, "Sà, ẹ rántí Honoghr!" Ó wá ń kà á fún mi lórí ìka: ilẹ̀ àwọn Noghri, ìran Rukh, ti bàjẹ́ nígbà ogun; Vader, ìránṣẹ́ Olú-ọba, wá bí olùrànlọ́wọ́, àwọn Noghri sì fi ara wọn ṣe ẹrú nítorí oore náà; koríko tí wọ́n ní ó ń wo ilẹ̀ sàn gan-an ni kò jẹ́ kí ohun mìíràn hù. Leia, ìbejì Luke, ló já a fún wọn. "Thrawn mọ̀ sà. Ó mọ̀, ó sì fi wọ́n síbẹ̀. Ó ń wo ère gbogbo ayé, ẹni tó dúró tì í, kò wò ó."

Mi ò rí èsì fún un. Ọ̀gá mi máa ń tẹ fóònù lẹ́yìn mọ́tò. Gbèsè tó jẹ, ẹni tó fẹ́ lé níṣẹ́, ọ̀rọ̀ òun àti ìyàwó rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń bọ́ sí mi létí. Ọdún kẹfà rèé, kò tíì béèrè orúkọ ọmọ mi rí. (Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní ọ̀bẹ.) Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wà lẹ́yìn Ọ̀gágun nínú ìwé yìí, mò ń gbàdúrà fún un, mi ò sì rí Rukh, èmi tí mo yẹ kí n kọ́kọ́ rí i.

Síbẹ̀síbẹ̀, mi ò gbà pé ó tọ́ sí i tán. Mo sọ fún àbúrò bẹ́ẹ̀. A jà á títí ìyá fi ní ká jọ̀ọ́, oníbàárà ń dúró.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún ṣọ́ọ̀bù yìí: ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan fún kàlẹ́ńdà. Mo ti fowó ránṣẹ́ fún ìwé Thrawn ti 2017. Ẹ bá mi ka ewé ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó kúrò ní Yábàá, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́kadà ìjọsí gbé e wá, kí àbúrò má sì pè mí títí màá fi kà á tán.